Oògùn mi ń ṣẹ́kù, ìwé mi ń gba eruku: báwo ni ẹ ṣe tún ilé yín tò kí àṣà rere lè mọ́ yín lára?

Tíṣà Kábà (Ọjọ́ Ajé, 8:14 alẹ́)

Ọ̀kún o, gbogbo ilé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí.

Olùkọ́ girama ni mí níbí ní Kábà, ẹni ọdún 43, ọmọ mẹ́ta. Ní oṣù kẹwàá tó kọjá ni wọ́n sọ fún mi pé ẹ̀jẹ̀ mi ń ru, wọ́n sì fún mi ní oògùn kan, hóró kan ṣoṣo láràárọ̀. Hóró kan! Kò korò, owó rẹ̀ kò pa mí lára, kò sì da inú mi rú. Lánàá ni mo ka èyí tó wà nínú páálí oṣù tó parí. Hóró 11 ló ṣẹ́kù nínú 30. Ọjọ́ 11 ni mo jáde nílé láìlo ohun tí kò gba ju ìṣẹ́jú kan lọ. Jìnnìjìnnì bò mí, torí àrùn rọpárọsẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ ríru máa ń fà ló pa ìyá mi.

Ìkejì, mo ń kàwé lọ́wọ́ kí n lè gba dìgírì, ìdánwò sì ń bọ̀ ní oṣù kẹfà. Alaalẹ́ ni mo máa ń sọ pé n ó ka ojú ìwé 10. Bí mo bá ti jókòó sórí àga mi ní pálọ̀, fóònù ti bọ́ sí mi lọ́wọ́ nìyẹn. Kí n tó gbójú sókè, ilẹ̀ ti ṣú mọ́ gbogbo àdúgbò, ọmọ ti sùn, èmi náà ti rẹ̀.

Mo ti pinnu títí. Mo kọ ọ́ sára ògiri. Mo jẹ́jẹ̀ẹ́ ní ọjọ́ kìíní ọdún. Ẹnìkan níbi iṣẹ́ wá sọ pé kì í ṣe ọkàn mi ni kò lágbára, pé bí nǹkan ṣe wà nínú ilé mi ló ń tì mí síbi tí n kò fẹ́ lọ. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá bẹ́ẹ̀ ni, àti ohun tí ẹ̀yin fúnra yín ti ṣe. Yàrá méjì àti pálọ̀ ni ilé wa, iná kì í dúró, omi kànga la ń fà. Kí ẹ má dárúkọ ohun tí owó mi kò ní ká o.

Àgbẹ̀ Gbẹ̀dẹ̀ (Ọjọ́ Ajé, 8:51 alẹ́)

Tíṣà, ọ̀kún o. Ẹ kú iṣẹ́ àwọn ọmọ wa.

Èmi kò gbà pé ilé ló ń ṣe yín. Ẹni ọdún 67 ni mí, aago 5 ìdájí ni mò ń kúrò nílé lọ sí oko iṣu mi, kò sì sí ẹni tó ń jí mi. Ìpinnu ni. Àwọn bàbá wa kò tún yàrá tò kí wọ́n tó lọ sóko. Ohun tó bá ká ènìyàn lára, á ṣe é. Ẹ máa rántí ìyá yín láràárọ̀, ẹ ó lo oògùn náà.

Ọmọ Ìyàrà (Ọjọ́ Ajé, 9:20 alẹ́)

Ẹ̀gbọ́n Tíṣà, ohun tó rọrùn ni. Ẹ gbé oògùn sójú fèrèsé yàrá yín, níbi tí oòrùn àárọ̀ ti ń wọlé. Bí ẹ bá ṣe lajú, òun lẹ máa kọ́kọ́ rí. Ẹ ṣe é fún ọjọ́ 21 gbáko láìfò ọjọ́ kan, yóò ti di bárakú. Bí ẹ bá fo ọjọ́ kan, ẹ tún un kà láti ọjọ́ kìíní.

Nọ́ọ̀sì Ẹ̀gbẹ̀ (Ọjọ́ Ajé, 10:05 alẹ́)

Ọmọ Ìyàrà, o ṣeun, ṣùgbọ́n jọ̀wọ́, kì í ṣe ojú fèrèsé. Oòrùn àti ooru máa ń ba oògùn jẹ́, gbogbo wa la sì mọ bí ooru ìlú wa ṣe ń rí ní oṣù kẹta. Balùwẹ̀ náà kò dáa, ọ̀rinrin wà níbẹ̀. Ibi tó tutù, tó gbẹ, tó ga ju ibi tí ọwọ́ ọmọ kékeré lè tó ni kó wà.

Tíṣà, ẹ má fi ara yín bú. Ẹ wo ọ̀rọ̀ yìí dáadáa: ẹni tí orí ń fọ́ kì í gbàgbé oògùn orí fífọ́, torí orí náà ló ń rán an létí. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í dun ọ̀pọ̀ ènìyàn rárá. Ara yín kò ní rán yín létí, nítorí náà ohun mìíràn nínú ilé ló gbọ́dọ̀ ṣe iṣẹ́ yẹn. Ohun tí mo ń rí lọ́dọ̀ àwọn tó ń wá gba oògùn ni pé ẹni tó so ó mọ́ ohun tó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀ kì í sábà gbàgbé. Ẹ ò lè jáde láìfọ ẹnu. Bó bá jẹ́ yàrá ni búrọ́ọ̀ṣì tàbí orín yín wà, ẹ gbé oògùn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lórí pẹpẹ gíga. Lálẹ́, kí ẹ tó sùn, ẹ bu omi sínú ife, ẹ fi àwo kékeré dé e, ẹ gbé e tì í. Ọ̀pọ̀ tó ń gbàgbé, oògùn wà níwájú wọn, omi ni wọ́n fẹ́ lọ bù. Wọ́n dé ibi omi, ọmọ pè wọ́n, ó tán.

Wọ́n tún ń ta ike kékeré kan tó ní ilé méje, ọjọ́ kan ilé kan, kò wọ́n. Ẹ kọ́kọ́ bi ẹni tó fún yín lóògùn bóyá irú tiyín ṣeé yọ kúrò nínú bébà rẹ̀. Ó dára torí ẹni tó bá ń ṣe iyèméjì pé "ṣé mo ti lò ó àbí n kò tíì lò ó?" á wò ó, á sì mọ̀. Bí ẹ bá gbàgbé lánàá, ẹ má lo méjì papọ̀ lónìí láti fi dí i. Bí ara bá sì yá, ẹ má dá oògùn dúró fúnra yín.

Ahunṣọ Ògìdì (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:32 àárọ̀)

Bàbá Gbẹ̀dẹ̀, mo kúnlẹ̀ kí yín. Ẹ má bínú, ìbéèrè kan ni mo ní. Lálẹ́ àná, níbo ni ọkọ́ yín sùn?

Ìdí tí mo fi béèrè nìyí. Ọwọ́ ìyá ìyá mi ni mo ti kọ́ aṣọ híhun. Òfì tiwa, òfì àwọn obìnrin, òró ló máa ń dúró, ó fẹ̀yìn ti ògiri. Ti màmá wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, láàárín ẹnu ọ̀nà àti ibi ìdáná. Kò sí bí ó ṣe máa lọ síbi iná tí aṣọ rẹ̀ kò ní kan òfì. Á gbé omi kaná. Kí omi tó hó, á jókòó, á ti òwú kọjá lọ kọjá bọ̀ bí ẹ̀ẹ̀mẹwàá, á fi igi gbá a kó le, á dìde lọ ro ọkà. Ìrọ̀lẹ́, bẹ́ẹ̀ náà. N kò gbọ́ kí màmá sọ rí pé òun fẹ́ pinnu láti hunṣọ, síbẹ̀ aṣọ rẹ̀ máa ń jáde.

Nígbà tí mo dé ilé ọkọ, pálọ̀ kéré, mo bá gbé òfì mi sí yàrá ẹ̀yìn. Oṣù márùn-ún gbáko, ohun tí mo hun kò gùn tó apá mi. Mo ní ọ̀lẹ ni mí. Mo tilẹ̀ gbààwẹ̀ lé e lórí, mo sunkún. Ó wá di ọjọ́ kan tí àlejò fẹ́ sùn ní yàrá yẹn, a gbé òfì jáde sí ìta lábẹ́ páànù, níbi tí mo ti ń bọ́ èèpo ẹ̀gúsí. Ní ọjọ́ kẹta, mo gbọ́n èèpo kúrò lára, mo yíjú, ọwọ́ mi ti wà lára òwú. Èmi kan náà ni, òwú kan náà ni. N kò gbé e padà wọlé mọ́ títí di òní.

Tíṣà, níbo ni ìwé yín ń sùn? Bó bá wà nínú báàgì, tí báàgì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, tí bírò wà ní ibòmíràn, ẹ ti gbé ìdènà mẹ́ta sáàárín ara yín àti ìwé. Fóònù kò ní ẹyọ kan. Ẹ ṣí ìwé síbi tí ẹ kà dé, ẹ fi bírò sáàárín rẹ̀, kí ẹ sì gbé e lé orí àga tí ẹ máa ń jókòó sí gan-an, kó fi jẹ́ pé ẹ gbọ́dọ̀ fọwọ́ gbé ìwé kí ẹ tó lè jókòó. Bí iná kì í bá dúró, àtùpà sólà náà kó wà níbẹ̀, kí ó ti gba oòrùn láti ọ̀sán. Ẹni tó bá ń wá àtùpà nínú òkùnkùn, fóònù ló máa fi tànmọ́lẹ̀ wá a. Ẹ mọ ibi tí ìyẹn máa já sí.

Àgbẹ̀ Gbẹ̀dẹ̀ (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:40 alẹ́)

Ọmọ mi, ìbéèrè rẹ bá mi dé oko lónìí.

Ẹnu ọ̀nà ni ọkọ́ mi ń sùn. Ọkọ́, àdá, bàtà rọ́bà, gálọ́ọ̀nù omi, ìyàwó mi ló ń tò ó síbẹ̀ láti alẹ́. Lọ́dún tó kọjá tó lọ tọ́jú ọmọ wa tó bímọ ní Lọ́kọ́ja, oṣù méjì ló lò. Láàárín ìgbà yẹn, oòrùn ti máa ń yọ kí n tó débi ebè. Mo rò pé àgbà ló dé. Kò wá sí mi lọ́kàn pé ẹni tó ń tò ó ni kò sí nílé. Tíṣà, mo fà ọ̀rọ̀ mi sẹ́yìn díẹ̀.

Ṣùgbọ́n n kò fà á sẹ́yìn tán. Bí ọkọ́ bá wà lẹ́nu ọ̀nà tí ẹni náà kò ní oko lọ́kàn, yóò kàn gbé ẹsẹ̀ kọjá lórí rẹ̀ ni.

Ìjọ Ọlọ́run ń Dàgbà (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:02 alẹ́)

Àdúrà ni kẹ́ ẹ fi ṣíwájú. Ẹran ara ò lágbára.

Olùkọ́ Mọ̀pà (Ọjọ́rú, 4:15 ìrọ̀lẹ́)

Àmín sí àdúrà. Mo fẹ́ tún ọ̀rọ̀ ọjọ́ 21 yẹn ṣe, torí ó ń mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn sọ̀rètí nù ní ọjọ́ kejìlélógún.

Dókítà kan ní Amẹ́ríkà tó ń fi iṣẹ́ abẹ tún ojú ṣe ló kọ ọ́ ní 1960 pé ó kéré tán ó ń gba ọjọ́ 21 kí ojú tuntun tó mọ́ ènìyàn lára. "Ó kéré tán" ló sọ. Àwọn tó gbé e kiri ló já ìyẹn sọnù. Ní 2010, àwọn onímọ̀ kan ní yunifásítì University College London ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, Phillippa Lally ló ṣáájú wọn, gbé ìwádìí jáde lórí ènìyàn 96. Kálukú mú ohun kan tó fẹ́ kó mọ́ òun lára: ẹnìkan á jẹ èso pẹ̀lú oúnjẹ ọ̀sán, ẹnìkan á mu omi, ẹnìkan á sáré díẹ̀ kí ó tó jẹun alẹ́. Ọ̀sẹ̀ 12 ni wọ́n fi tọ ipa wọn. Bí a bá to àwọn ènìyàn náà láti orí ẹni tó yá jù dé orí ẹni tó pẹ́ jù, ẹni tó wà láàárín lo ọjọ́ 66 kí nǹkan náà tó máa wá fúnra rẹ̀. Ẹni tó yá jù lo 18. Ẹni tó pẹ́ jù, wọ́n ṣírò pé yóò gbà á ní 254. Omi mímu tètè mọ́ni lára ju eré ìdárayá lọ.

Ọmọ Ìyàrà, ohun tí mo fẹ́ kí o gbọ́ nínú rẹ̀ ni pé ẹni tó fo ọjọ́ kan kò pàdánù ohun tó ti kó jọ. Má sọ fún ẹni tó ń gbìyànjú pé kó tún un kà láti ọjọ́ kìíní. Ọ̀rọ̀ yẹn ló ń lé ènìyàn padà sílé.

Ọmọ Ìyàrà (Ọjọ́rú, 4:58 ìrọ̀lẹ́)

Mo gbọ́, sà. Ẹnu àwọn tó ń ta oògùn atunnilára lórí fóònù ni mo ti gbọ́ ti ọjọ́ 21. Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣeun, oògùn ìyá mi ti kúrò lójú fèrèsé láàárọ̀ yìí.

Télọ̀ Ìsánlú (Ọjọ́rú, 9:33 alẹ́)

Mo ti ka gbogbo rẹ̀. Ó dáa fún ẹni tó ni ilé rẹ̀. Èmi ń gbé pẹ̀lú ìyá ọkọ mi, àbúrò ọkọ méjì, àti ọmọ mẹ́rin. Bí mo bá ṣí ìwé sílẹ̀ sórí àga, ọ̀sán kò ní pọ́n kí wọ́n tó fi gbé ìkòkò gbígbóná. Bí mo bá ní kí wọ́n pa tẹlifíṣọ̀n, ó di ẹjọ́ ìdílé. Ta ni mo máa sọ fún pé kó má fọwọ́ kan nǹkan mi? Ilé tí gbogbo ènìyàn ń lò, gbogbo ènìyàn ló ń tò ó.

Ẹ jẹ́ n sọ tèmi. Mo fẹ́ máa fi owó pamọ́, kò ṣeé ṣe. Owó tí mo bá mú délé ti di owó ọṣẹ, owó kẹrosíìnì, owó ìwé ọmọ, kí n tó bọ́ aṣọ. Mi ò lè yí ilé padà, ni mo bá fi ilé sílẹ̀ bó ṣe wà, mo yí ṣọ́ọ̀bù padà. Mo ní kí káfíńtà kan kóló fún mi, kó kàn án mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì máṣíìnì mi ní apá ọ̀tún, ihò rẹ̀ ga dé ibi tí ọwọ́ mi ń já sí bí mo bá jókòó. Owó àkọ́kọ́ tí oníbàárà bá san láàárọ̀, kò dé inú báàgì mi, inú ihò yẹn ló ń lọ. Lọ́jọ́ tí a fọ́ ọ ní ìparí ọdún, mo ka owó náà lẹ́ẹ̀mejì torí n kò gbà á gbọ́. Òun ni mo fi ra máṣíìnì kejì.

Tíṣà, ìdí tí mo fi sọ gbogbo èyí ni pé ẹ má dúró kí pálọ̀ yín tó gbọ́ràn. Ṣé àwọn ọmọ ilé-ìwé kì í lọ ní ọ̀sán? Ẹ jókòó nínú kíláàsì tó ti ṣófo fún ogójì ìṣẹ́jú kí ẹ tó forí lé ilé. Àga wà níbẹ̀, tábìlì wà, ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán kò ń gbowó. Ẹ pa dátà kí ẹ tó jókòó. Bí ẹ bá ti fẹsẹ̀ kan ilé, ìyá ni yín, ẹ kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ mọ́.

Ahunṣọ Ògìdì (Ọjọ́rú, 9:50 alẹ́)

Télọ̀, òótọ́ gidi lo sọ. Mo gbàgbé pé àwa méjì péré ló wà nílé nígbà tí mo gbé òfì síta. Tíṣà, tirẹ̀ ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé o.

Akẹ́kọ̀ọ́ Àgírìkì (Ọjọ́bọ̀, 1:10 ọ̀sán)

Ẹ káàsán o. Lórí fóònù, ìrírí mi rèé. Aago tó ń jí mi ló wà nínú fóònù, ìdí nìyẹn tí fóònù fi ń sùn lábẹ́ ìrọ̀rí mi. Bí mo bá ti pa aago ní 5 àárọ̀, ojú mi ti wà nínú Facebook. Mo lọ ra aago kékeré alágogo lọ́jà, èyí tó ń lo bátìrì. Láti ìgbà yẹn, fóònù ń sùn ní pálọ̀. Ṣájà kan ṣoṣo ni mo ní, mo fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Mo tún kó àwọn ohun tó ń fà mí lójú kúrò lójú ewé àkọ́kọ́, mo pa gbogbo ohùn wọn, ó ku ti ìpè nìkan. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ le, mo máa ń dìde lóru lọ wò ó. Ó ti lọ sílẹ̀ báyìí.

Ìyá Odò-Ẹrẹ̀ (Ọjọ́bọ̀, 3:26 ọ̀sán)

Ọmọ mi, o kò tíì bímọ. Àkọ́bí mi wà ní Kánò, bàbá mi ti lé ní ọgọ́rin ọdún, òun nìkan ló wà lábúlé. Bí ìpè bá wá lóru tí n kò gbọ́, kí ni n ó sọ? Fóònù mi kò ní kúrò ní yàrá.

Akẹ́kọ̀ọ́ Àgírìkì (Ọjọ́bọ̀, 3:41 ọ̀sán)

Ẹ má bínú, mà. Ẹ jẹ́ kó wà ní yàrá, kó máa dún bí wọ́n bá pè. Ẹ kàn gbé e sórí àpótí aṣọ lódìkejì, níbi tí ẹ ó ti dìde dúró kí ẹ tó gbà á. Ẹni tó bá ń ṣàìsàn, ẹ ó dìde fún un. Fídíò, bóyá ẹ ò ní dìde.

Ìyá Odò-Ẹrẹ̀ (Ọjọ́bọ̀, 3:55 ọ̀sán)

Ìyẹn ṣeé gbọ́.

Awakọ̀ Ẹkìnrìn (Ọjọ́ Ẹtì, 8:47 alẹ́)

Ọ̀rọ̀ yín yìí kàn mí. Ọtí ni tèmi. Mo ń wakọ̀ láàárín Òkènè àti Kábà, ìrọ̀lẹ́ ni mo ń délé. Ilé ọtí kan wà ní ojú ọ̀nà tí mo ń gbà wọlé, àwọn ọ̀rẹ́ mi ti máa ń wà níta, wọ́n á pe orúkọ mi kí n tó pa ọkọ̀. Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń sọ pé ìgò kan ni mo fẹ́ mu. Ìyàwó mi ló ní kí n máa gba ẹ̀yìn ọjà wọlé. Ọ̀nà náà burú, ó sì jìn díẹ̀. Ṣùgbọ́n nílé ni mo ti ń jẹun alẹ́ láti oṣù kẹjọ. Ọ̀rẹ́ mi kan bínú pé mò ń sá fún wọn. Mo lọ bá a nílé lọ́jọ́ Àìkú, a jẹ iyán pọ̀, ọ̀rẹ́ wa ṣì wà.

Olùkọ́ Mọ̀pà (Ọjọ́ Ẹtì, 9:30 alẹ́)

Awakọ̀, o ṣe ohun ńlá. Ohun tó jọ ọ́ ṣẹlẹ̀ nígbà ogun Vietnam. Heroin, oògùn olóró kan, ti di bárakú fún ọ̀pọ̀ ọmọ ogun Amẹ́ríkà lọ́hùn-ún. Ìjọba bẹ̀rù pé wọ́n á kó o wálé. Lee Robins, olùṣèwádìí kan tó tọ ipa àwọn tó darí dé ní 1971, rí i pé nínú àwọn tó ti di ẹrú rẹ̀ níbẹ̀, bí ẹni 5 péré nínú 100 ló padà di ẹrú rẹ̀ láàárín ọdún kìíní tí wọ́n délé. Ibùdó ogun kò sí mọ́, àwọn tí wọ́n jọ ń lò ó kò sí mọ́, ẹni tó ń tà á lẹ́nu ọ̀nà kò sí mọ́.

Nọ́ọ̀sì Ẹ̀gbẹ̀ (Ọjọ́ Ẹtì, 10:12 alẹ́)

Inú mi dùn sí Awakọ̀. Mo fẹ́ kìlọ̀ fún ẹlòmíràn tó bá ń ka èyí: ẹni tó ti ń mu ọtí púpọ̀ lójoojúmọ́ fún ìgbà pípẹ́, tí ọwọ́ rẹ̀ máa ń gbọ̀n láàárọ̀ bí kò bá tíì mu ún, kó má dá a dúró lójijì fúnra rẹ̀. Ó lè fa gìrì, ó sì lè gba ẹ̀mí. Kó lọ sílé ìwòsàn. Ọ̀nà ẹ̀yìn ọjà nìkan kò tó fún irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Bàbá Ìyámoyè (Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7:18 àárọ̀)

Tíṣà, èmi náà ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ọdún kẹsàn-án rèé. Ẹ má gbàgbé iyọ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lójúmọ́ má tó gíráàmù 5, kò ju ṣíbí tíì kan lọ, máàgí àti oúnjẹ inú páálí wà nínú ìṣirò yẹn. Nílé wa tẹ́lẹ̀, agolo iyọ̀ wà láàárín tábìlì, gbogbo wa á bù ú sórí ọbẹ̀ kí a tó tọ́ ọ wò. Ìyàwó mi gbé agolo náà lọ sínú kọ́bọ́ọ̀dù ìsàlẹ̀ nílé ìdáná, ó sì gbé ọpọ́n ọsàn sí ipò rẹ̀. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ẹni tó bá fẹ́ iyọ̀, kó dìde lọ bù ú. Láàárín oṣù kan kò sí ẹni tó ń dìde mọ́. Ìgbà kajú nìkan ni mo ṣì ń bá a jà, torí kajú yíyan láìsí iyọ̀ kò tíì bá mi lẹ́nu mu.

Olùkọ́ Mọ̀pà (Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8:05 àárọ̀)

Bàbá, ohun tí màmá ṣe yẹn ni wọ́n ṣe nílé oúnjẹ ilé ìwòsàn Massachusetts General Hospital ní Boston, ní Amẹ́ríkà. Dókítà Anne Thorndike àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìgò omi sínú gbogbo fíríìjì, wọ́n tún gbé agbọ̀n omi sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ti ń bu oúnjẹ. Ìròyìn rẹ̀ jáde ní 2012. Láàárín oṣù mẹ́ta, ọtí ẹlẹ́rìndòdò tí wọ́n ń tà lọ sílẹ̀ ní bí ìdá 11 nínú 100, omi sì gbéra sókè ní bí ìdá 26.

Tíṣà Kábà (ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lẹ́yìn náà, Ọjọ́ Àìkú, 5:40 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ̀yin ará mi, ọ̀kún o. N kò fẹ́ sọ̀rọ̀ títí n ó fi ní ohun tí mo lè kà.

Mo ra ike oníle méje lẹ́yìn tí mo béèrè. Ó wà lórí pẹpẹ tí búrọ́ọ̀ṣì mi wà. Ife omi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo fi àwo aláwọ̀ búlúù tí ìyá mi fi sílẹ̀ fún mi dé e. Bí mo bá ṣí àwo yẹn láàárọ̀, mo ti mọ ohun tó kàn. Nínú ọjọ́ 28, ọjọ́ méjì ni mo fò, ọjọ́ méjèèjì ni mo sùn ní Ìyàrà níbi òkú. Mo ti ní ike kejì nínú báàgì ìrìn àjò báyìí.

Ìwé: àga pálọ̀ kò ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ kejì, ọmọ mi kékeré ti fi bírò ya adìyẹ sí ojú ìwé 47. Mo gba ọ̀rọ̀ Télọ̀, mo ń dúró ní kíláàsì. Ọjọ́ àkọ́kọ́, ṣùúrù mi kò ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Báyìí, ẹni tó ń ti ilé-ìwé ló ń kan ilẹ̀kùn pé ilẹ̀ ń ṣú. Mo ti parí ìwé méjì nínú márùn-ún.

Fóònù ni kò tíì gbọ́ràn. Mo gbé e sí pálọ̀, mo padà lọ mú un ní òru mẹ́rin nínú ọ̀sẹ̀ tó kọjá, torí n kò ní aago. N kò fẹ́ parọ́ fún yín.

Nọ́ọ̀sì, wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ mi lọ́jọ́ Ẹtì: 146 lórí 92. Ní oṣù tó kọjá 164 lórí 102 ni.

Nọ́ọ̀sì Ẹ̀gbẹ̀ (Ọjọ́ Àìkú, 6:22 ìrọ̀lẹ́)

Ó ń bọ̀ wálẹ̀, a dúpẹ́. Kò tíì dé ibi tí a fẹ́ o, a fẹ́ kó wà lábẹ́ 140 lórí 90, dókítà yín sì lè fẹ́ kó kéré sí i. Bí ẹ bá ń padà lọ, ẹ mú ike oníle méje yẹn dání, kó rí bí ẹ ṣe ń lò ó kó tó sọ pé kí wọ́n fi oògùn kún un. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n ń fi kún oògùn ẹni tí kò tíì lo ti àkọ́kọ́ tán.

Àgbẹ̀ Gbẹ̀dẹ̀ (Ọjọ́ Àìkú, 7:09 alẹ́)

Tíṣà, ẹ kú oríire. Èmi ni mo ń to ọkọ́ mi fúnra mi báyìí. Ìyàwó mi béèrè ohun tó ṣe mí.

Akẹ́kọ̀ọ́ Àgírìkì (Ọjọ́ Àìkú, 7:30 alẹ́)

Ẹ̀gbọ́n Tíṣà, mo ń bọ̀ lọ́jà lọ́jọ́ tó bá kọ́kọ́ pé. Ẹni tó ta aago fún mi ṣì ní i, aláwọ̀ pupa àti aláwọ̀ ewé. Èwo ni kí n bá yín mú?

Tíṣà Kábà (Ọjọ́ Àìkú, 7:33 alẹ́)

Aláwọ̀ pupa. Bá mi mú bátìrì rẹ̀ pẹ̀lú, méjì.